Lẹ́tà ṣíṣí sí Bàbá Jeremy Bentham: ẹlẹ́rìí ni ìgbádùn, ta ló fi í ṣe adájọ́?

Bàbá Bentham,

Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò tíì rí ẹni tí kíkí yìí bá mu bíi tiyín, torí ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wà lórí àga. Onímọ̀ ọgbọ́n orí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ni yín, 1832 lẹ kú, ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún yín pé kí wọ́n la òkú yín kí àwọn èèyàn lè fi kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n wá to egungun yín padà, kí wọ́n wọ aṣọ yín fún un, kí wọ́n dé fìlà lé e, kí wọ́n gbé e jókòó. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ẹ ṣì wà nínú gíláàsì ní University College London títí dòní, orí nìkan ni ò rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, wọ́n mú un gbẹ títí ó fi bà jẹ́, ni wọ́n bá fi ìda ṣe òmíì rọ́pò. Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú yín yẹn máa wúlò fún mi tó bá yá.

Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tó gbé mi dọ́dọ̀ yín ni pé ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀rẹ́ gidi o, fi ọ̀rọ̀ tó jọ tiyín dá mi lóhùn lọ́jọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ míì ni mo fẹ́ gbọ́. Iyè ìyá mi ti rá nígbà yẹn, wọn ò mọ̀ mí mọ́. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ mi wá ní, "Ìwọ náà wò ó dáadáa. Mọ́mì ò ní rántí pé o wá. Bó o wá, bó ò wá, bákan náà ni lára wọn. Ìwọ alára, kò dùn mọ́ ẹ, mò ń rí i lójú ẹ. Ta ló wá ń jèrè ẹ̀? Ṣebí ayé tó dáa náà ni ayé tí adùn ẹ̀ bá ju ìrora ẹ̀ lọ." Ó ní kí n máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n fi àwọn ọjọ́ tó kù gbádùn ara mi.

Mi ò rí èsì fún un. Mo kàn ní mo ti gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi, mo bá ń wá ibi tó ti ṣẹ̀, bí mo ṣe ń tọ̀ ọ́ lọ ni mo bá yín níbẹ̀.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an nínú ìwé tẹ́ ẹ gbé jáde ní 1789, ẹ ní àdánidá ti fi ọmọ aráyé sábẹ́ ọ̀gá méjì, ìrora àti ìgbádùn, ẹ tún ní àwọn méjèèjì nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó yẹ ká ṣe fún wa. Nìkan. Ọ̀rọ̀ "nìkan" yẹn lèmi pẹ̀lú yín fẹ́ jọ fà.

Kí n tó fà á, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní tiyín. Ọ̀rẹ́ mi gé ọ̀rọ̀ yín kúrú, ẹ̀yin ò sọ pé kí kálukú máa gbádùn tiẹ̀ kó kọ́wọ́ bọ àpò, ìgbádùn gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn lẹ ní ká kó jọ ká wọ̀n, ká má sì wojú ẹnikẹ́ni. Eyín tó ń dun ọba, kò wúwo ju eyín tó ń dun ìránṣẹ́ ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn míì ń jiyàn bóyá ẹranko lọ́gbọ́n, bóyá ó lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ní ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ kọ́ nìyẹn, pé ṣé ó lè jẹ̀rora. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbẹ̀. Èmi náà ò sì bínú sí ìgbádùn o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa ń bú u pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá wo ojú wọn dáadáa, ẹ máa rí i pé bíbú yẹn ń dùn mọ́ wọn. Kódà Epicurus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀jẹun mọ́ lórúkọ, omi lásán àti búrẹ́dì ló máa ń tó o, ohun tó ń pè ní ìgbádùn ò ju kí nǹkan má dun ara, kọ́kàn sì balẹ̀ lọ. Torí náà ẹjọ́ ọ̀mùtí àti ọ̀jẹun kọ́ ni mo gbé wá. Ẹjọ́ ọ̀rọ̀ "nìkan" ni.

Ẹ fún wa ní ohun méje tá a máa fi wọn ìgbádùn: bó ṣe le tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bó ṣe dájú tó, bó ṣe sún mọ́ tó, bóyá ó máa bí ìgbádùn míì, bóyá ìrora ò dà pọ̀ mọ́ ọn, àti iye èèyàn tó máa kàn. Mo gbà á lọ́wọ́ yín, mo sì fi wọn nǹkan kan tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tó ń kólòlò. Lọ́jọ́ kan tíṣà ní kó dìde, kó kàwé sókè. Ó kà á dé ọ̀rọ̀ kan tí "b" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ bá há. B, b, b. Ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ojú ìwé bíi pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ sá lọ, ìka yẹn tẹ̀ ẹ́ débi tí èékánná ẹ̀ fi funfun. Ẹnì kan lẹ́yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu lu b, b, b yẹn bí ìlù. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní parọ́ fún yín, ẹ̀rín yẹn dùn. Ó dùn débi pé mo dikùn mú, omi ń dà lójú mi, mo gbórí lé tábìlì, tí mo bá tún gbójú sókè tí mo rí ìka yẹn, ẹ̀rín á tún gbé mi. A tó ogójì. Ó máa tó ìṣẹ́jú méjì kí tíṣà tó pariwo mọ́ wa.

Ó yá, ẹ wọ̀n ọ́n. Ó le, ó dájú, ojú ẹsẹ̀ ló dé, ó kan ogójì èèyàn, títí a fi kúrò níbẹ̀ la ṣì ń rántí ẹ̀ tá à ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lódìkejì. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n ṣe sùúrù, kí n ka ìtìjú ọmọ yẹn, ẹ̀rù tó máa bà á lọ́la, ìwà tí àwa yòókù ń kọ́. Kò burú, mo kà gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kan nínú ìwé yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú pé ohun tí mo rí ni. Ẹ ní ká tiẹ̀ sọ pé ìlara ló ń ti èèyàn, tàbí ìkà, ìgbádùn ṣì ni ohun tó ń wá. Ẹ pè é ní ìgbádùn òṣì, ẹ ní ó lè kéré, ó lè má pẹ́, pé ó dájú pé àìmọ́ wà nínú ẹ̀, àmọ́ tá a bá wò ó lóun nìkan, kí aburú tó ti ẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ó dáa bí ìgbádùn èyíkéyìí tí ò bá jù ú lọ. Bàbá, ẹ sọ òótọ́ inú yín, ẹ ò sì fi pa mọ́, mo gbóṣùbà fún yín lórí ìyẹn. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé ìwọ̀n yín ní àbùkù.

Torí ìtàn yẹn ò parí sí kíláàsì. Mo pàdé ọmọ yẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti dàgbà, ó ṣì ń kólòlò díẹ̀díẹ̀, kò sì jọ pé ó dà á láàmú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín? Ìgbà wo?" Kò rántí, àní kò tiẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó ní nígbà yẹn tí ọ̀rọ̀ bá há sí òun lẹ́nu, etí òun máa ń di ni, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lòun máa ń rí. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí n gbàgbé ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Ìgbádùn ogójì èèyàn, ìrora òdo. Tó bá jẹ́ pé "nìkan" yẹn lòótọ́, ó yẹ kí n relé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kódà ó yẹ kí n máa ka ọjọ́ yẹn mọ́ àwọn ọjọ́ tó dáa jù ní kíláàsì yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ò fúyẹ́ rárá. Ohun tí mo sì wá rí ni pé ká ní ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi, ká ní ẹ̀rín ẹ̀rù ni, tó kàn bọ́ lẹ́nu mi torí pé ojú ń tì mí fún un, ẹjọ́ mi ì bá fúyẹ́. Bó ṣe dùn tó yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ìgbádùn tó yẹ kó máa fi kún rere nínú ìṣirò yín, níbí, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nǹkan ń burú sí i. Ìwọ̀n wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ lè ní, "Ìtìjú tó ń mú ẹ yẹn, ṣebí ìrora náà ni, kà á mọ́ ọn." Rárá o. Mi ò lè kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ò burú torí pé ó ń dùn mí, ó ń dùn mí torí pé mo mọ̀ pé ó burú. Tí wọ́n bá fún mi lóògùn tó lè pa ìtìjú yẹn, ohun tí mo ṣe ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí ju mi lọ. Lọ́yà ni bàbá yín, ẹ̀yin náà kẹ́kọ̀ọ́ òfin kẹ́ ẹ tó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé yín lórí ẹ̀rí ní kóòtù, ìdìpọ̀ márùn-ún, ó jáde ní 1827, ohun tẹ́ ẹ bá àwọn adájọ́ jà lé lórí níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ti ẹlẹ́rìí síta, wọ́n á ní lágbájá ò gbọdọ̀ jẹ́rìí torí báyìí báyìí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá mọ nǹkan wọlé wá sọ tẹnu ẹ̀, kí adájọ́ wá fúnra ẹ̀ mọ bó ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ kálukú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé nígbà tí ẹjọ́ ayé èèyàn fúnra ẹ̀ dé iwájú yín, ẹlẹ́rìí méjì péré lẹ pè, ìgbádùn àti ìrora, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù, ẹ tún gbé àwọn méjèèjì gun àga adájọ́?

Ọmọkùnrin tó bá yín to ìwé yẹn jọ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. John Stuart Mill, ọmọ ọ̀rẹ́ yín. Inú ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n ti tọ́ ọ láti kékeré, bí ẹni fi wàrà fún un. Àárín àsìkò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé yín yẹn, ní 1826, ọmọ ogún ọdún ni, ó bi ara ẹ̀ léèrè pé ká sọ pé gbogbo àtúnṣe tóun ń wá fún ayé yìí ṣẹ lónìí, ṣé inú òun máa dùn? Nǹkan kan nínú ẹ̀ dá a lóhùn pé rárá. Ó ní gbogbo ohun tóun kọ́ ayé òun lé wó lulẹ̀. Ó rìn nínú òkùnkùn yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìgbà tó yá ó kọ ọ́ pé àwọn tó ń láyọ̀ ni àwọn tó gbájú mọ́ nǹkan míì tó yàtọ̀ sí ayọ̀ tara wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló gbìyànjú láti tún ilé yín ṣe, ní 1861, ó ní ìgbádùn kan wà tó ga ju òmíì lọ, pé ó sàn kéèyàn jẹ́ èèyàn tí ò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn ju kó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó yó lọ. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe: tí ìgbádùn kan bá ga ju ìkejì lọ tí kì í ṣe torí pé ó pọ̀ jù ú, kí lẹ fi mọ̀ pé ó ga? Nǹkan míì ti wà lórí ìwọ̀n yẹn. Ọmọ yín gbé òpó àárín ilé kúrò, ó wá ní òun kàn tún un kùn ni.

Ẹ ò sí láyé ní 1954 nígbà tí James Olds àti Peter Milner fi wáyà tín-ínrín sínú ọpọlọ àwọn eku, tí eku bá ti fọwọ́ tẹ nǹkan kan, iná díẹ̀ á wọ ibì kan nínú ọpọlọ ẹ̀. Àwọn eku kan tẹ̀ ẹ́ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàrin wákàtí kan. Wọ́n ti kọ́kọ́ ń pe ibẹ̀ ní ibùdó ìgbádùn, àmọ́ àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé wọn wá rí i pé kí ọpọlọ máa fẹ́ nǹkan àti kí nǹkan máa dùn mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mi ò nílò eku kó tó yé mi. Mo ní fóònù. Mo mọ aago méjì òru tí àtàǹpàkò mi ṣì ń fà á lọ sókè, fídíò kan, òmíràn, òmíràn, kò sì sí ìkankan tó ń dùn mọ́ mi mọ́ láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ọwọ́ yẹn kàn ń lọ ni. Tẹ́ ẹ bá rí mi láti ìta, ẹ máa ní mò ń jayé. Ṣé ẹ rí i pé ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ fi ṣe adájọ́ yìí, kò tiẹ̀ dájú pé òun ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀.

Onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tún wà ní Amẹ́ríkà, Robert Nozick, tó ní ní 1974 ká sọ pé ẹ̀rọ kan wà tó lè jẹ́ kó máa ṣe èèyàn bíi pé gbogbo ohun tó wù ú ló ń ṣe, á máa ṣe é bíi pé ó ń kọ̀wé ńlá, ó ń yan ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ inú omi ló sùn sí tí wáyà wà lórí ẹ̀. Ṣé wàá wọ̀ ọ́ títí ayé? Wọ́n máa ń retí pé kéèyàn ní rárá. Èmi ò ní fi ara mi búra o, àwọn ọjọ́ kan wà lásìkò àìsàn ìyá mi tó le débi pé èmi ì bá sáré wọ̀ ọ́. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: ta ló máa gbé ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó máa so wáyà mọ́ ọn lórí, tó máa dé e pa, táá wá máa sọ káàkiri pé òun tọ́mọ, ọmọ òun sì ń gbé ìgbé ayé rere?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo dà bí áńgẹ́lì níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo jágbe mọ́ wọn. Wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ tó bá burú wọ́n á ní olè ni mí. Mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níta fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó lè wọlé, kì í ṣe pé mò ń gbàdúrà, mo kàn jókòó ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí n wá ìgbádùn jáde nínú ẹ̀, màá wá a tì. Ọ̀rẹ́ mi ò parọ́ mọ́ mi, kò dùn. Àwọn náà, kí n tó jáde nílé ni wọ́n ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni wá. Ẹ fi méjèèje yín wọ̀n ọ́n, òfo lẹ máa bá níbẹ̀, òfo tó tún jẹ gbèsè.

Ibí ni mo ti nílò òkú yín. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá kú, ẹ ò ní mọ nǹkan kan, ẹ ò ní gbádùn ìjókòó yẹn, ẹ ò ní rí ẹni tó ń wò yín. Síbẹ̀ ẹ jókòó, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní torí àǹfààní àwọn tó kù ni. Mo gbà, àwọn dókítà rí nǹkan kọ́ lára yín. Ti aṣọ àti àga ńkọ́? Èmi rò pé ẹ kàn fẹ́ kí nǹkan kan jẹ́ òótọ́ nípa yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ, bóyá ẹ mọ̀ ọ́n lára, bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ pé wọn ò dá ìyá mi dá a. Wọn ì báà rántí, wọn ì báà má rántí.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ gan-an nìyí, kẹ́ ẹ wá sọ ibi tí mo máa kọ ọ́ sí nínú ìṣirò yín. Ó ku bí oṣù méjì kí wọ́n lọ. Mò ń gé èékánná wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n na ọwọ́ sí mi bí ọmọdé, èmi náà rọra ń gé e torí ọjọ́ kan wà tí mo gé wọn lẹ́ran, wọ́n sunkún. Mo gé ọwọ́ ọ̀tún tán, mo bọ́ sí òsì. Wọ́n ń wò mí ṣáá. Wọ́n wá ní, "Ta ló bí ẹ?"

Mi ò dáhùn, torí mi ò mọ èyí tí mo máa sọ.

Wọ́n ní, "Ẹni tó bí ẹ kọ́ ẹ dáadáa."

Mo gé àtàǹpàkò òsì tán, mo kó èékánná yẹn jọ sínú ìwé, mo dìde lọ dà á nù, mo sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà wọlé. Kò dùn. Kì í sì í ṣe ìrora, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n sí ìrora.

Ọ̀rẹ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, èsì tí mo jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yẹn nìyí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ìyá ẹ̀